Ohun Tí A Ń Sún Mọ́ àti Ohun Tí A Gbọ́dọ̀ Dé

Bí ènìyàn bá ń sún mọ́ ohun kan láìdáwọ́ dúró, tí àlàfo tí ó wà láàárín òun àti ohun náà ń kéré sí i títí tí kò fi sí ọ̀pá ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ ọmọ aráyé tí ó lè wọ̀n ọ́n mọ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé onítọ̀hún ti dé ibẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́gbọ́n ayé, ó sì lè dàbí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí kò bá tíì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ tí à ń pè ní kálíkúlọ́ọ̀sì dúró, lórí rẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù kan ti gbé ìjà ko àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ọdún 1734, lórí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá tí ó tẹ Pópó Àgùdà dó ní Erékùṣù Èkó ti lo ọjọ́ ayé wọn nílẹ̀ àjèjì, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, tí ó jẹ́ pé òógùn ojú wọn àti owó tí wọ́n ń fi pamọ́ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀ràn ìmọ̀ ìṣirò. Láti 1859 ni CMS Grammar School ti wà. Ní 1909 ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní ìtòsí Pópó Àgùdà gan-an, ní òpópó Catholic Mission. Àwọn fadá sì dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbáléndé ní 1928. Chike Obi, ẹni tí a gbà pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, láti Cambridge ní 1950, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Èkó, iṣẹ́ tí ó sì sọ ọ́ di olókìkí dá lórí àwọn ìdọ́gba tí derivative, ìwọ̀n bí nǹkan ti ń yára yí padà, jẹ́ ọkàn wọn. Síbẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé bá dé kíláàsì Further Maths lónìí, tí olùkọ́ sì kọ first principle sójú pátákó, ohun tí ọmọ náà máa ń gbọ́ kò ju èyí lọ: fi h kún x, yọ èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ kúrò, fi h pín ohun tí ó kù, lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí h lọ sí òdo. Ọmọ á ṣe é, á gba máàkì, á sì kọjá sórí àwọn òfin kúkúrú tí ń mú ìdáhùn jáde kíákíá. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé nínú ìlà mẹ́rin tí ó kọ yẹn, ó ti gba ibi kan kọjá tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé fi nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún jiyàn lé lórí bóyá ó lè gba ènìyàn tàbí kò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ara wa rí i. Àwọn Àgùdà, àwọn tí ó ti oko ẹrú ní Brazil àti Cuba padà wá sílé àti àwọn ọmọ wọn, ni ọ̀gá bíríkìlà àti ọ̀gá káfíńtà Èkó ní ìgbà ayé wọn: Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àtijọ́, João Baptista da Costa ni ọ̀gá tí ó kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Balthazar dos Reis sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1886 nítorí tábìlì róbótó kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ká wá ní bíríkì kan bọ́ lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, láti orí pákó gíga tí wọ́n dúró lé, tí ó ń já bọ̀ nílẹ̀. Bí a bá fi ti afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a kò sì há jù lórí ìwọ̀n, a lè mọ ibi tí ó dé: a ó mú iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti lò, a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì sọ ohun tí a bá rí di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún, iye mítà tí ó ti já nìyẹn. Nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá pé, ó ti já mítà 5; bí ó bá di méjì, mítà 20. Ìbéèrè tí ó wá kù ni pé: ní ojú ẹsẹ̀ tí ìṣẹ́jú-àáyá kan pé géérégé, báwo ni eré tí bíríkì náà ń sá ti pọ̀ tó? Eré gba ìjìnnà, ó sì gba àkókò. Ṣùgbọ́n ní ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò gùn tí kò fẹ̀, bíríkì kò kúrò níbi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni àkókò kankan kò kọjá. Òdo ni à ń fi òdo pín, kò sì sí ohun kan pàtó tí ó lè ti ibẹ̀ jáde.

A ó fún un ní àyè díẹ̀, nígbà náà. Láti ìṣẹ́jú-àáyá 1 sí 1.1, bíríkì náà já mítà 1.05, bí a bá fi 0.1 pín in, a ó rí 10.5. Láti 1 sí 1.01, ó já 0.1005, eré rẹ̀ sì jẹ́ 10.05. Láti 1 sí 1.001, ó jẹ́ 10.005. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀: 10 ti ń yọjú sí wa láti inú àwọn iye wọ̀nyí. Bí a bá wá jẹ́ kí h dúró fún àyè díẹ̀ náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ìjìnnà tí bíríkì já nínú rẹ̀ jẹ́ 10h + 5h². Bí a bá fi h pín in, ó ku 10 + 5h. Bí h bá sì pòórá, 10 ló ṣẹ́kù, mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Derivative nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì lè ṣe é láì làágùn.

Bíṣọ́ọ̀bù George Berkeley sọ pé awo wà nínú rẹ̀, awo tí ó ṣòroó gbàgbọ́ ju èyí tí ó wà nínú ẹ̀sìn lọ. Ọmọ Ireland ni, wọ́n bí i ní 1685, orúkọ rẹ̀ sì ti kàn láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù kí ó tó gorí àga bíṣọ́ọ̀bù ìlú Cloyne ní 1734. Ní ọdún yẹn gan-an ni ó tẹ ìwé rẹ̀ The Analyst jáde, ó sì kọ ọ́ sí onímọ̀ ìṣirò kan tí ó pè ní aláìgbàgbọ́. Isaac Newton ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn nígbà náà, Leibniz ará Jámánì sì ti tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde láti 1684. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń fi ọ̀nà titun yìí tọpa oòrùn àti òṣùpá, wọ́n ń rí ohun tí ojú kò rí rí, àwọn kan nínú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀sìn pé ó kún fún ohun tí ọgbọ́n orí kò lè gbé. Ohun tí bíṣọ́ọ̀bù náà bi wọ́n, bí a bá fi èdè tiwa sọ ọ́ tí a sì fi bíríkì tiwa ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ni pé h tí wọ́n fi ń pín nǹkan yìí, ṣé nǹkan kan ni àbí kì í ṣe nǹkan kan? Bí kì í bá ṣe nǹkan kan, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pín ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ nǹkan kan, ta ló fún wọn láṣẹ láti gbé 5h sọnù ní ìlà tí ó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì máa pe 10 tí ó kù ní ìdáhùn tí kò lábàwọ́n? Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí ohun kan náà wà nígbà tí ó wúlò fún un, kí ó má sì sí mọ́ nígbà tí ó bá di ìdíwọ́ fún un, kò ní ẹnu tí yóò fi bá onígbàgbọ́ wí nítorí Mẹ́talọ́kan.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, n kò sì rí ibi tí bíṣọ́ọ̀bù náà ti ṣìnà nínú rẹ̀. Kò sọ pé iye tí wọ́n rí kì í ṣe òótọ́; ó gbà pé òótọ́ ni, ó kàn ní àṣìṣe méjì ni wọ́n ṣe tí ọ̀kan pa èkejì rẹ́, nítorí náà orí ló kó wọn yọ, kì í ṣe ìmọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ó dá a lóhùn nígbà ayé rẹ̀ fi ìbínú dá a lóhùn, ìbínú kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Ìdáhùn tí ó kájú ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní 1821, nígbà tí Augustin-Louis Cauchy tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Paris. Kátólíìkì tí ó fi tọkàntọkàn sin Ọlọ́run ni Cauchy, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul tí ń bójú tó àwọn aláìní. Karl Weierstrass ní Berlin ni ó sì wá fi ìṣọ́ra dí gbogbo ihò tí ó ṣẹ́kù. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n lè sọ, wọ́n sì fi èyí tí wọn kò lè sọ sílẹ̀. Wọn kò sọ mọ́ pé h di òdo. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: ìwọ tí ò ń ṣiyèméjì, sọ bí o ti fẹ́ kí n sún mọ́ 10 tó. Bí o bá ní kí n má jìnnà sí i ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, èmi yóò ní kí h má tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ìwọ fúnra rẹ yóò sì rí i pé 5h kò lè kọjá ibi tí o fi àlà sí. Bí o bá tún ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù, mo ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí bí o ti lè há tó nínú ìbéèrè rẹ tí n kò ní lè tẹ́ ọ lọ́rùn, láìjẹ́ pé mo fi òdo pín nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí limit jẹ́ nìyẹn: májẹ̀mú láàárín ẹni tí ń béèrè àti ẹni tí ń dáhùn, tí kò sí ọjọ́ kan tí ẹni tí ń dáhùn yóò yẹ̀ ẹ́. 10 kò rìn, kò sì sún. Ó dúró gbọn-in níbi tí ó wà, àwa la ń rìn lọ bá a. Ẹni tí ó bá sì bi wá pé ṣé h dé òdo, a lè fi ìfọ̀kànbalẹ̀ dá a lóhùn pé kò dé ibẹ̀ rárá, àti pé kò sí ohun tí a sọ tí ó béèrè pé kí ó débẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ ti mọ irú ìrìn yìí tipẹ́tipẹ́. Gregory ti Nyssa, bíṣọ́ọ̀bù ní ọ̀rúndún kẹrin, kọ́ni nínú ìwé tí ó kọ lórí ìgbé ayé Mósè pé ìwà pípé ọmọ ènìyàn kò ní àlà, pé ìlọsíwájú tí kì í dúró gan-an ni ìwà pípé náà. Nicholas ti Cusa, ẹni tí ó di kádínà lẹ́yìn náà, mú ìṣirò wọ̀ ọ́ ní 1440: ó ní kí a ya ohun onígun púpọ̀ sínú òbírí, kí a sì máa fi igun kún igun, bí igun náà bá ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa jọ òbírí sí i, ṣùgbọ́n kò ní di òbírí láéláé, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni òye ènìyàn rí sí òtítọ́. Àwọn baba wa tí kò gbọ́ orúkọ Nyssa, tí kò sì gbọ́ ti Cusa rí, ti ń ki Elédùmarè ní Awámárìídìí, Ọba àìrí, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, ẹnu tí ó ń kì í bẹ́ẹ̀ kò sì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí pé kò rí ìdí Ẹni tí ó ń bẹ̀. Ní ti ìmọ̀, kò sí ìtìjú nínú kí a máa sún mọ́ ohun tí a kò ní dé. Ẹni tí ó ń wá ojú Ọlọ́run, tí ó sì mọ̀ lónìí ju bí ó ti mọ̀ lánàá, kò pàdánù ohunkóhun nítorí pé ọ̀la tún ku ibi tí yóò dé.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí oníwàásù kan fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ju bí okùn rẹ̀ ti tó lọ, tí ó ní bí h ti ń lọ sí òdo tí ìdáhùn sì ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni ó dájú pé Ọlọ́run ń bẹ ní òpin ìrìn gbogbo ẹni tí ń wá A. Mo gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, n kò sì fẹ́ kí a fi ẹ̀rí tí kò dúró ti ìgbàgbọ́ lẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ìrìn ni ó ní ibi tí ó ń lọ. Ìlà tí ó bá ṣẹ́ igun ṣóńṣó kò ní derivative ní ojú igun náà: bí a bá gba apá òsì bọ̀, iye kan ni a ó máa sún mọ́, bí a bá gba apá ọ̀tún, iye mìíràn ni. Weierstrass fúnra rẹ̀ fi han ayé ní 1872 pé ìlà kan lè wà tí kò já níbì kan, síbẹ̀ tí kò ní derivative ní ojú kan ṣoṣo lára rẹ̀. Sísún mọ́ kò tó ní ẹ̀rí. Ó di dandan kí a fi hàn pé ohun tí a ń sún mọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù ni Pópó Àgùdà, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí oríṣi nǹkan kejì, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi limit wọ̀n rárá. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ó dé bá wọn, jẹ́ ọmọ Yorùbá àti ọmọ ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil àti sí Cuba, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì rí ọ̀nà padà. Irú wọn ni João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní kékeré, tí ó padà wá di olówó Èkó, tí a sì mọ ilé rẹ̀ ní òpópó Kákáwà sí Ilé Olómi. Ní oṣù kìn-ín-ní 1835 àwọn Mùsùlùmí ìlú Salvador ní Bahia, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, dìde sí àwọn olówó wọn. Ìjọba tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ó sì gbé òfin jáde lọ́dún náà tí ó fi ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti ra ara wọn padà, kí ìlú lè sú wọn. Láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé wọn bọ̀ wá sílé lẹ́gbẹẹgbẹ́.

Báwo ni ẹrú ṣe ń ra ara rẹ̀ padà ní Bahia? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Wọ́n ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní junta de alforria, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá èésú nílé, ẹni tí ó kàn yóò gba tirẹ̀, yóò sì máa san án padà títí. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń san owó ara rẹ̀ fún olówó rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, láti inú ohun tí ó bá rí jẹ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá. Ẹ wá fi ìṣirò wa bi í wò. Ẹni tí ó ti san ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kí ni à ń pè é? Ẹni tí ó ti san ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Bíríkì wa sún mọ́ 10 dé ìwọ̀n ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, a sì ní ó tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí a lè tún sún mọ́ ọn síwájú sí i nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí òmìnira rẹ̀ ku ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ṣì ń jí lówùúrọ̀ lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn, ọmọ tí ó bá sì bí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ìyá rẹ̀ tó gba ìwé òmìnira sọ́wọ́, ẹrú ni òfin ìgbà náà ń pè é. Kò sí bí àlàfo náà ti lè kéré tó tí a lè ní kò sí mọ́. Àfi kí ó di òdo pátápátá, ní ọjọ́ kan, ní wákàtí kan, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Àwọn aṣòfin Brazil kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1831 wọ́n ṣòfin pé kí a má kó ẹrú wọ̀lú mọ́, wọ́n sì ń wo àwọn tí ń kó wọn. Ní 1850 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì mú un ṣẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ní 1871 wọ́n ní ọmọ tí ẹrú bá bí láti ọjọ́ náà lọ ti dòmìnira, ṣùgbọ́n olówó ìyá rẹ̀ lè mú un sìn títí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ní 1885 wọ́n ní ẹni tí ó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ti bọ́, ṣùgbọ́n kí ó tún fi ọdún mẹ́ta sìn kún un. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún 1888 ni wọ́n tó sọ gbólóhùn kan tí kò ní ṣùgbọ́n nínú, Brazil ni ó sì sọ ọ́ kẹ́yìn nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ńlá àti kékeré. Àwọn kan ṣì ń yìn wọ́n títí di òní pé wọ́n fi sùúrù ṣe é, pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú òmìnira súnmọ́ tòsí. Ẹ jẹ́ kí olùyìn náà wá ṣe ìṣirò ẹni tí ó kú ní 1887.

Bíṣọ́ọ̀bù wa náà kò mọ ìyàtọ̀ yìí, èyí sì dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1729 Berkeley dé Newport ní Rhode Island, ó ń dúró de owó tí ìjọba ṣèlérí fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó fẹ́ dá sílẹ̀ ní Bermuda. Ó ra oko níbẹ̀, ó kọ́ ilé tí ó pè ní Whitehall sí i. Ní oṣù kẹwàá 1730 ó ra ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Philip, ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, ó sì tún ra Edward, ẹni nǹkan bí ogún ọdún. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà 1731, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Philip, Anthony àti Agnes, ẹrú rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá ṣe orúkọ ìdílé wọn nínú ìwé ìjọ. Ó ń kọ́ àwọn olóko pé kí wọ́n má bẹ̀rù láti jẹ́ kí ẹrú wọn gba ìrìbọmi, nítorí omi ìrìbọmi kì í tú ẹrú sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó jókòó kọ The Analyst.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju pé ó fi ńlá sílẹ̀ ṣe kékeré lọ, nítorí àṣìṣe kan náà tí ó rí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó ní h kò lè jẹ́ nǹkan kan ní ìlà kan kí ó sì di asán ní ìlà kejì. Philip ńkọ́? Níwájú omi ìrìbọmi, ọkàn tí ó ní ìpín ní ọ̀run ni. Nínú ìwé ìrajà, ẹrù tí a fi owó rà ni. Ìgbà tí ó wúlò kí ó jẹ́ ènìyàn, wọ́n pè é ní ènìyàn, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà tí jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ ìbá dí ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n gbé e sọnù bí wọ́n ti ń gbé 5h sọnù. Ibi kò ju ibi, bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ: gbólóhùn kan yìí tó láti dá ọgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù náà dúró, kò sì béèrè pé kí ènìyàn mọ ìṣirò. Ní 2023 ni Trinity College ní Dublin, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti kàwé, pinnu láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilé ìkàwé wọn nítorí ọ̀ràn yìí.

Ǹjẹ́ èyí wá ba àríyànjiyàn rẹ̀ lórí h jẹ́? Kò bà á jẹ́. Òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí ẹnu tí ó gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ bá sì ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ni òtítọ́ tí ìbá kù láyé. Ohun tí ó fi hàn ni pé ènìyàn lè ní ẹ̀rí ọkàn tí ó mú bí abẹ fẹ́lẹ́ nípa ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, kí ẹ̀rí ọkàn náà sì kú tipiri níwájú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ní ìdàkejì, àwọn Kátólíìkì Pópó Àgùdà kò ní bíṣọ́ọ̀bù, wọn kò tilẹ̀ ní fadá tí ń gbé láàárín wọn títí di 1868. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Wọ́n lè dúró de fadá ní ọdún gbọọrọ, kí ẹ̀sìn wọn máa kún díẹ̀díẹ̀ nínú ìdúró náà, nítorí ti Ọlọ́run jẹ́ ohun tí a lè máa sún mọ́ títí ayé. Òmìnira ni wọn kò jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀: wọ́n san án tán, wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n wọkọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olùkọ́ Further Maths, pàápàá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ Àgùdà ń lọ, pé nígbà tí ẹ bá dé 10 + 5h lójú pátákó, ẹ má tíì pa 5h rẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ náà ní ìbéèrè bíṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a jà, kí wọ́n sì mọ̀ pé ó tọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi májẹ̀mú Weierstrass hàn wọ́n, kí ẹ̀yin máa bèèrè ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú mílíọ̀nù, kí wọ́n sì máa fi h tí ó kájú rẹ̀ dáhùn. Kí ẹ tó nu pátákó, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ó béèrè ìbéèrè náà ti ra Philip ní Newport ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí ọjọ́ orí Philip kò tó tiwọn. Ẹ ó ní sílébọ́ọ̀sì ti kún, ìdánwò WAEC sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀, síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń béèrè yìí kò lè gbà ju píríọ́ọ̀dù méjì lọ nínú tẹ́ẹ̀mù kan.